Iwájú Ọpọlọ àti Iṣẹ́ Ìrántí: Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Bi Àwọn Àgbà Wa Léèrè Ọ̀rọ̀

Àsọyé tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

 

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti kó ìtàn ìlú yìí jọ láti ẹnu àwọn àgbà, kí a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ tí a yàn sí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti agboolé dé agboolé. Ẹjọ́ méjì ni wọ́n sì máa ń gbé bọ̀ wá bá wa. Èkíní ni pé, "Baba ti gbàgbé ohun gbogbo." Èkejì, èyí tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ, ni pé, "Irọ́ ni Baba ń pa, nítorí ohun tí wọ́n sọ lánàá kọ́ ni wọ́n sọ lónìí." Ọ̀rọ̀ kejì yìí ti dá ìjà sílẹ̀ ní ilé kan tí n kò ní dárúkọ. Èyí ni ó mú kí Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ díẹ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa bí ènìyàn ti ń rántí, àti ní pàtàkì nípa apá kan nínú ọpọlọ tí ó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí wa, tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìrántí tóbi ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ní èdè wa, a máa ń sọ pé iyè ẹnì kan jí, tàbí pé iyè rẹ̀ ra, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni iyè: bí ó bá wà, ó wà, bí ó bá sì lọ, ó lọ. Ṣùgbọ́n a tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá mọ orúkọ ènìyàn kan dájú tí orúkọ náà kọ̀ tí kò jáde, a máa ń wí pé, "Ó wà lẹ́nu mi." Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Ní ọdún 1966, Roger Brown àti David McNeill ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ka ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ sí etí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ní kí wọn dárúkọ ohun tí a ń wí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò lè pè é, lọ́pọ̀ ìgbà ni ó máa ń mọ lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ó sì máa ń mọ iye ìgbà tí ẹnu yóò là kí a tó pè é tán. Bí ó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ti sọnù ni, níbo ni yóò ti rí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀?

Ní ọdún kan náà, ní ìlú Toronto ní Kánádà, Endel Tulving àti Zena Pearlstone ṣe ìdánwò mìíràn tí ó dára kí a mọ̀. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí etí àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ orí ọ̀rọ̀, bí ẹni pé kí a sọ pé "ẹranko", kí a wá dárúkọ màlúù àti ẹfọ̀n, kí a sọ pé "ohun èlò ilé ìdáná", kí a wá dárúkọ ìkòkò àti ọmọrí. Nígbà tí ó tó àkókò láti kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, wọ́n fún àwọn kan ní orí ọ̀rọ̀ náà, wọn kò fún àwọn ìyókù ní nǹkan kan àfi ìwé òfìfo. Àwọn tí a fún ní orí ọ̀rọ̀ rántí púpọ̀ ju àwọn kejì lọ. Èyí kò yani lẹ́nu. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé nígbà tí wọ́n wá fún àwọn kejì ní orí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti sọ pé àwọn kò rántí mọ́ tún jáde wá. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú wọn. Ohun tí wọn kò ní ni ohun tí yóò mú wọn dé ibẹ̀, èyí tí n ó máa pè ní ohun amúnirántí láti ìsinsìnyí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo inú orí. Ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, òórùn tí imú gbọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni apá ọpọlọ tí ó ń tọ́jú wọn, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní ìhà ẹ̀yìn àti ní ẹ̀gbẹ́. Nínú lọ́hùn-ún, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ní ọ̀gangan etí, ẹ̀yà kékeré kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hippocampus. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ kí wọn di ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ní ọdún 1953, ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ń jẹ́ William Scoville ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin kan, Henry Molaison, tí wárápá ti fi ayé sú, ó sì gé púpọ̀ nínú ẹ̀yà náà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wárápá náà rọlẹ̀, òye ọkùnrin náà kò dín, ó sì rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 2008, ohun tuntun kò lè dúró sí i lọ́kàn. Brenda Milner, tí ó máa ń ti Montreal wá yẹ̀ ẹ́ wò, ń bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ bí àlejò ni ó ń rí lójú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá wọlé. Èyí ni ẹni tí kò lè kó nǹkan sí àká mọ́.

Àwọn tí iwájú ọpọlọ wọn fara pa, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Wọ́n ń kó nǹkan sí àká. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ mú un jáde ni ìjàngbọ̀n máa ń dé.

Apá iwájú ọpọlọ tóbi: ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta èèpo ọpọlọ ọmọ ènìyàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú pátápátá, lẹ́yìn iwájú orí àti lókè ihò ojú, ni èyí tí mò ń sọ. Ó pẹ́ kí ó tó gbó, nítorí ènìyàn a máa tó nǹkan bí ẹni ọdún 25 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó pé. Ó sì tún wà lára àwọn apá tí ọjọ́ ogbó kọ́kọ́ máa ń kàn. Kì í ṣe àká. Bí mo bá ní kí n fi wé nǹkan, n ó fi wé akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sí kóòtù tí ó ní òun ń fẹ́ ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ kan, akọ̀wé kọ́ ni ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àpótí. Òun ni yóò béèrè pé: ọdún wo ni? níwájú adájọ́ wo? ta ni ó pe ẹjọ́? Òun ni yóò ṣí àpótí tí ó tọ́, tí yóò fi ọwọ́ ti àwọn ìwé tí ó jọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò sì ka orí ìwé náà kí ó tó gbé e lé oníbéèrè lọ́wọ́, kí ó má baà jẹ́ pé ẹjọ́ ilé mìíràn ni ó fún un. Bí akọ̀wé bá ń ṣàìsàn, ìwé kò jóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ìwé lè padà lọ́wọ́ òfo, ó sì lè gba ìwé onìwé lọ sílé.

Kì í ṣe gbogbo ìrántí ni ó nílò akọ̀wé yìí. Morris Moscovitch, onímọ̀ mìíràn ní Toronto, ṣàlàyé pé bí ohun amúnirántí bá lágbára tó, ìrántí a máa ti ara rẹ̀ dìde láìsí pé a wá a. Ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún ní London, tí ó gbọ́ ìró ìlù ọdún ìbílẹ̀ wa lójijì, kò ní láti ronú kí ó tó rí ojúde ọba níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni náà pé, "Kí ni o ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ọdún Iléyá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?" iwájú ọpọlọ rẹ̀ ni yóò ṣiṣẹ́. Yóò wí fún ara rẹ̀ pé: oṣù wo ni Iléyá bọ́ sí? níbo ni mo ń gbé? ṣé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà? Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi máa ṣe ohun amúnirántí fún ara rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Iṣẹ́ ni. Bí iwájú ọpọlọ bá ti rẹ̀, ènìyàn lè má ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá, yóò sì kàn sọ pé, "N kò rántí."

Ẹ̀sìn yòówù kí olúkúlùkù wa máa ṣe, ẹ jẹ́ kí a gbà pé àwọn baba wa mọ nǹkan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Odù Ifá jẹ́ 256, ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pọ̀. Kò sí babaláwo tí yóò jókòó tí yóò máa wá gbogbo rẹ̀ kiri inú orí rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ bọ́ sílẹ̀, odù kan ṣoṣo ní orúkọ, orúkọ náà sì ṣí ilẹ̀kùn àwọn ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí orí ọ̀rọ̀ tí Tulving fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó sì ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí a tó bí Tulving.

Iṣẹ́ kejì ni yíyàn. Gbogbo ẹni tí ó ti gbé agboolé ni ó mọ ìyá tí ó fẹ́ pe Bọ́lá, tí ó kọ́kọ́ pe Ṣọlá, tí ó tún pe Fọlá, tí ó pe àbúrò tirẹ̀, kí Bọ́lá tó jáde lẹ́nu rẹ̀, tí inú á sì máa bí i. Kò gbàgbé ọmọ rẹ̀. Gbogbo orúkọ náà ni ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń du ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 1997, Sharon Thompson-Schill àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ hàn pé apá ìsàlẹ̀ iwájú ọpọlọ ní òsì ni ó máa ń ṣe iṣẹ́ jù nígbà tí ìdáhùn púpọ̀ bá ń bá ara wọn jà tí a ní láti mú ọ̀kan. Bí a bá dárúkọ àlùmọ́gàjí, tí a ní kí ènìyàn sọ ohun tí a ń fi í ṣe, "gígé" yóò ti jáde kí a tó parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ okùn, a lè fi dè, a lè fi fà, a lè fi pọn omi, a lè fi so ẹran. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ wá ro ti àgbà tí ó ti mọ Adéyẹmí mẹ́rin, Adéwálé mẹ́fà àti Adébáyọ̀ tí kò níye láti ọgọ́rin ọdún wá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìdí kan nìyí tí orúkọ fi ń pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn baba wa: ohun tí wọ́n ní láti yàn nínú rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Ẹ jẹ́ kí a máa mú sùúrù.

Ní ti "Ó wà lẹ́nu mi" tí mo sọ ní ìṣáájú, Anat Maril, Anthony Wagner àti Daniel Schacter ya àwòrán ọpọlọ àwọn ènìyàn ní àsìkò náà gan-an, ní ọdún 2001, wọ́n sì rí i pé iwájú ọpọlọ ní ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn mọ ọ̀rọ̀ náà lọ, tàbí ìgbà tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Kí n tún fi èyí kún un: ẹ má ṣe gba gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ gbọ́ nípa ọpọlọ ọ̀tún àti ọpọlọ òsì. Ní ọdún 1994, Tulving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé òsì ni ó ń kó nǹkan wọlé, ọ̀tún sì ni ó ń mú un jáde. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, irú ohun tí a ń rántí ni ó sì ń sọ bí wọn yóò ti pín in.

Iṣẹ́ kẹta, èyí tí ó kan ẹjọ́ wa jù lọ, ni yíyẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó kúrò lẹ́nu. Ní ọdún 1989, Jeri Janowsky, Arthur Shimamura àti Larry Squire kọ́ àwọn ènìyàn tí iwájú ọpọlọ wọn ti fara pa ní àwọn ìmọ̀ kéékèèké kan tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n léèrè. Wọ́n dáhùn dáadáa bí àwọn tí ara wọn le. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ìmọ̀ wà, ẹni tí ó mú un wá ni ó ti pòórá. Ní Montreal, Brenda Milner àti Philip Corsi rí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nípa ètò ìgbà. Wọ́n ń fi nǹkan han àwọn aláìsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á mú méjì jáde, wọ́n á sì béèrè pé èwo ni ó rí kẹ́yìn. Àwọn tí iwájú ọpọlọ wọn ní àbùkù mọ ohun tí wọ́n ti rí yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò rí, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e rú wọn lójú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn, ẹ fi èyí sí ọkàn. Àgbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá ń pàdánù díẹ̀ nínú agbára yìí bí ọjọ́ ti ń lọ, láìsí àrùn kankan. Ó lè mọ ọ̀rọ̀ kan dájú, kí ó má mọ̀ mọ́ bóyá ẹnu baba rẹ̀ ni ó ti gbọ́ ọ tàbí ẹnu tíṣà rẹ̀. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí ó parí ní ọdún 1897 tí a sì tẹ̀ ní ọdún 1921, ti wọ ilé-ìwé àti ààfin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń gbà sílẹ̀ lónìí lẹ́nu àwọn àgbà bí ìtàn ìdílé, láti inú ìwé náà ni ó ti jáde, tí ó gba ẹnu ọmọ ilé-ìwé kan bọ́ sí etí baba àgbà kan, tí ó sì padà wá di "ohun tí àwọn baba wa sọ fún wa". Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà le jù ni ti àwọn tí ìpalára bá abẹ́ iwájú ọpọlọ wọn, lókè ihò ojú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó lè bẹ́; bí ó bá bẹ́ tí ènìyàn kò sì kú, ó lè máa sọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀, kí ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Armin Schnider, dókítà ní ìlú Geneva ní Switzerland, sọ nípa obìnrin kan tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, tí ó ń yára láti lọ sílé nítorí pé òun fẹ́ fún ọmọ òun lóúnjẹ. Ọmọ náà ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe pé obìnrin yìí hùmọ̀ ọmọ. Ó bí ọmọ, ó sì fún un lóúnjẹ rí. Ohun tí Schnider rí nínú ìwádìí rẹ̀ ni pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò lè ya ìrántí tí ó jẹ́ ti àná sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó jẹ́ ti òní. Ìrántí dìde, akọ̀wé kò sì sí níbẹ̀ láti ka ọdún tí ó wà lórí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ìyá àgbà bá sọ pé òun ń lọ sọ́jà tí a ti kó kúrò láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ àjẹ́. Orí yéye ní mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Kí a gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà ni ó yẹ.

Ohun tí ń ba iwájú ọpọlọ jẹ́ pọ̀ ju ọjọ́ ogbó lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ wà lára wọn, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, tí ń ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́ nínú ọpọlọ. Ọtí àmujù wà lára wọn pẹ̀lú. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni Sergei Korsakoff ní ìlú Moscow ti kọ nípa àwọn ọ̀mùtí tí ń fi ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ dí àlàfo ìrántí wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti alùpùpù. Egungun tí iwájú ọpọlọ jókòó lé kò dán, ó rí págunpàgun. Bí orí bá sọ mọ́lẹ̀, ọpọlọ a máa fi ara ha á. Nígbà tí a pa á láṣẹ ní orílẹ̀-èdè wa, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, pé kí gbogbo ọlọ́kadà dé àṣíborí, àwọn kan fi okùn so igbá mọ́rí láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Igbá kò gba orí là.

Kí ẹ má baà rò pé gbogbo àgbà tí ó bá gbàgbé orúkọ ni àrùn ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba iṣẹ́ kan tí a ṣe nítòsí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, tí ó kú ní ọdún 1995, àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Nínú ìròyìn tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2001, a rí i pé nínú 1,000 àgbà tí ó ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí àrùn ìgbàgbé tí ń múni ṣarán ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní ọdọọdún jẹ́ bí 13 tàbí 14 ní Ìdíkàn, wọ́n sì jẹ́ bí 32 ní Indianapolis. Àrùn náà wà lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbà wa kò ní in. Ẹni tí kò bá tètè rí orúkọ, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ ọ́n nígbà tí a pè é, akọ̀wé rẹ̀ ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a máa béèrè, nígbà náà? Ìbéèrè tí ó burú jù ni èyí tí a fẹ́ràn jù: "Baba, ẹ sọ ìtàn ìlú fún wa." Ìwé òfìfo tí Tulving fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ìbéèrè yẹn. Gbogbo iṣẹ́ wíwá ni a gbé lé iwájú ọpọlọ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ẹ mú Baba lọ sí ìdí igi náà, sí ẹnu odò náà, sí ahoro ilé náà. Ẹ gbé àwòrán àtijọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ẹ kì wọ́n ní oríkì ìdílé wọn, kí ẹ sì dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọdún ni ẹ ń wá, ẹ fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dè é: ṣé ó ṣáájú òmìnira ní 1960, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ lọ ní òwúrọ̀ tí ara wọn bá yá, kí ọ̀kan nínú yín máa béèrè, kì í ṣe ènìyàn mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi níhìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀nà kan náà ni ó lọ sí oko àti sí kòtò. Ohun amúnirántí dára. Ìdáhùn tí a fi há ni lẹ́nu kò dára. Ní ọdún 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi àwòrán sinimá han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 150, níbi tí ọkọ̀ méjì ti kọlu ara wọn. Wọ́n bi 50 nínú wọn bí ọkọ̀ náà ti ń sáré tó nígbà tí wọ́n "kan" ara wọn. Wọ́n bi 50 mìíràn bí wọ́n ti ń sáré tó nígbà tí wọ́n "fọ́" ara wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n béèrè bóyá wọ́n rí gíláàsì fífọ́. Kò sí gíláàsì kankan tí ó fọ́. Méje nínú àwọn ti ìṣáájú ní àwọn rí i. Mẹ́rìndínlógún nínú àwọn ti kejì ní àwọn rí i. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, ọpọlọ wọn dá ṣáṣá. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè bá lè fọ́ gíláàsì lójú ọmọ yunifásítì, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe fún àgbà tí a bi pé, "Baba, àbí ilé tiwa ni ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ yìí dó?" Lónìí, wọ́n á ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn gbọ́ ọ. Ẹni tí ó béèrè irú ìbéèrè yìí ni ó kọ ìtàn náà. Ẹnu Baba ni ó kàn yá.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ Ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n gba ohùn àgbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n gba ohùn oníbéèrè pẹ̀lú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà gbogbo pé, "Lẹ́nu ta ni Baba ti gbọ́ ọ?" Bí Baba kò bá mọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ òní bá yàtọ̀ sí ti àná, kí wọ́n kọ méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ tí a sọ wọ́n. Ní ti ilé tí ìjà ti ṣẹlẹ̀, kí a fi àwọn baba méjèèjì sílẹ̀, kí a gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, kí a sì wo irú ìbéèrè tí àwọn ọmọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Àwọn àgbà kan wà tí wọn kò ní sọ nǹkan rárá. Ní ọdún 2004, Michael Anderson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nígbà tí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti rántí ohun kan, iwájú ọpọlọ rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ púpọ̀, iṣẹ́ hippocampus a sì máa dínkù. Akọ̀wé tí ó lè ṣí ilẹ̀kùn lè tì í pẹ̀lú. A ní àwọn tí wọ́n lọ sí ogun abẹ́lé láàárín 1967 àti 1970 ní ìlú yìí. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ sọ, ẹ kí wọn, kí ẹ sì dìde.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú tí ẹ wà ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní fún yín. Bí ẹ bá pe ilé lórí fóònù, tí Màmá gbé e, ẹ má ṣe sọ pé, "Màmá, ṣé ẹ dá ohùn mi mọ̀?" Ẹ sọ pé, "Màmá, èmi Káyọ̀dé ni, tí mo wà ní Manchester, ọmọ yín kẹta." Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nípa ẹni tí ó kọ́ wọn ní aró rírẹ, àti irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọn sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbà á àti ìbéèrè tí ẹ béèrè. Ìwé orúkọ àwọn àgbà tí wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì wọn ni a kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago.